Fadá Méjì, Gbohùngbohùn Kan

Ọdún kan náà ni àwọn méjèèjì kú, ọdún 1979. Charles Coughlin ló kọ́kọ́ lọ ní oṣù kẹwàá, ẹni ọdún 88. Fulton Sheen tẹ̀lé e ní oṣù kejìlá, ẹni ọdún 84. Fadá Ìjọ Kátólíìkì ni wọ́n, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, ẹnu ni wọ́n sì fi dá bírà. Ìwé tí ẹ bá ṣí nípa Coughlin yóò sọ fún yín pé ó tó mílíọ̀nù 30 ènìyàn tó ń gbọ́ ọ lórí rédíò nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn jù. Ẹ ṣí ti Sheen, mílíọ̀nù 30 náà lẹ máa bá níbẹ̀, àwọn yẹn ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Mi ò mọ ẹni tó kà wọ́n. Àmọ́ ká tiẹ̀ pín iye náà sí méjì, ká tún bu díẹ̀ kúrò nínú ìdajì, èrò tó kù á ṣì pọ̀ ju èyí tí Fadá kankan bá sọ̀rọ̀ rí látorí àga ìwàásù láyé àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ wọn kì í kúrò lọ́kàn mi, torí ọmọ Àgùdà ni mí, a ò sì fi ìwàásù yangàn nínú ìjọ tiwa. Àwọn Onítẹ̀bọmi àti Mẹ́tọ́díìsì ló ni ìwàásù. Àwa, Mísà la ní. Láyé bàbá mi àgbà, kí Ìpàdé Vatican Kejì tó parí ní 1965, èdè Látìnì ni wọ́n fi ń ṣe Mísà, Fadá á kọ ẹ̀yìn sí ìjọ, á kọjú sí pẹpẹ. Ó dìgbà tó bá fẹ́ wàásù kí àwọn ènìyàn tó gbọ́ ohun tó yé wọn. Fadá òyìnbó á sọ tirẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, kátékíìsì á dúró tì í, á máa ṣe ògbufọ̀. Bàbá àgbà kì í lè sọ ọ́ tán kó má rẹ́rìn-ín: Fadá á sọ gbólóhùn kan, kátékíìsì á sọ mẹ́fà, á fi òwe sí i, á fi orin sí i, ìjọ á wá máa yin Fadá bọ̀ lọ́nà ilé pé ìwàásù ọjọ́ náà dùn.

Rédíò ló sọ nǹkan dà. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1931, Póòpù Pius Kọkànlá ṣí ilé iṣẹ́ rédíò Vatican tí Marconi fúnra rẹ̀ kọ́ fún un, ó sì bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀. Látìnì ló fi sọ ọ́! Mélòó nínú àwọn tó gbọ́ ọ ló yé? Kò jọ pé ìyẹn tiẹ̀ já mọ́ nǹkan lọ́jọ́ náà. Ohùn Póòpù ni wọ́n fẹ́ gbọ́, wọ́n sì gbọ́ ọ. Nígbà yẹn, Coughlin ti lé ní ọdún mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ rédíò tirẹ̀.

Ọdún 1926 ni bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rán an lọ sí Royal Oak, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Detroit, pé kó lọ dá ìjọ sílẹ̀ lórúkọ Tèrésà Mímọ́ ti Lisieux. Kátólíìkì tó wà níbẹ̀ kò pọ̀, gbèsè ilé ìjọsìn wà lọ́rùn rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ Ku Klux Klan tó kórìíra Kátólíìkì sì dáná sun àgbélébùú sórí ilẹ̀ ìjọ náà kó lè sá lọ. Fadá ò sá. Ilé iṣẹ́ rédíò WJR ní Detroit ló gbà lọ. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọdé ló ń kọ́ ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ lórí afẹ́fẹ́.

Mo ti gbọ́ díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀, wọ́n ṣì wà káàkiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Jẹ́jẹ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà r máa ń yí gbirigbiri lẹ́nu rẹ̀. Á gbé ohùn sókè díẹ̀, á tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, á dákẹ́ níbi tí èèyàn ò retí, nígbà tó bá sì fi máa parí ọ̀rọ̀, igbe ló ń ké. Mo mọ ohun tí ọkùnrin náà padà dà, síbẹ̀ mo bá ara mi tí mo sún mọ́ ẹ̀rọ.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé ní 1929, àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò ní Detroit dá òṣìṣẹ́ dúró lọ rẹpẹtẹ. Coughlin pa ẹ̀kọ́ ọmọdé tì, ó kọjú sí àwọn olówó báńkì. Ó gbé ìwé tí Póòpù Leo Kẹtàlá kọ lórí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ jáde, Rerum Novarum, ìwé tó jáde ní 1891 gan-an tí wọ́n bí òun Coughlin. Ó ń sọ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lẹ́nu iṣẹ́ pé ìjọ ti sọ ọ́ tipẹ́: owó iṣẹ́ tí kò lè bọ́ òṣìṣẹ́ àti ìdílé rẹ̀, ìrẹ́jẹ ni. Ọkùnrin tó jókòó sílé láìníṣẹ́ yẹn, ebi àti ìtìjú nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí Fadá tó dé. Ó ti ń rò pé òun lòun ò já mọ́ nǹkan. Ohùn kan wá wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, ó ní ẹ̀bi náà kì í ṣe tìẹ, ó sì dárúkọ ẹni tó jẹ̀bi. Ibẹ̀ ni mo rò pé agbára ìwàásù wà. Ohun tí oníwàásù bá lọ́kàn ènìyàn ló máa ń pè lórúkọ, ohun náà á sì dìde dúró bí ajá tó gbọ́ ohùn olúwa rẹ̀.

Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọ Royal Oak, owó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ó sì di dandan kí Fadá gba akọ̀wé jọ tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa ya lẹ́tà lọ. Ó fi lára owó náà kọ́ ilé gogoro olókùúta, wọ́n gbẹ́ ère Olúwa lórí àgbélébùú sí ara rẹ̀, inú ilé gogoro yẹn ló sì ti ń sọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ CBS gbé ohùn rẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà ní 1930. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le jù fún wọn lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́. Ó fi owó ra àkókò lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ rédíò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì pàdánù èrò.

Ní oṣù kìíní ọdún 1935, Ààrẹ Roosevelt fẹ́ kí Amẹ́ríkà dara pọ̀ mọ́ Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sí i ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Lọ́jọ́ Àìkú, Coughlin sọ fún àwọn tó ń gbọ́ ọ pé kí wọ́n tẹ wáyà ránṣẹ́ sí aṣòfin wọn. Wáyà bo ilé aṣòfin mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi ọkọ̀ kó o wọlé. Nígbà tí wọ́n dìbò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 52 gbà, 36 kọ̀, ó ku ìbò méje kó tó ìdá méjì nínú mẹ́ta tí òfin béèrè. Òun nìkan kọ́ ló ja ogun náà, àwọn ìwé ìròyìn Hearst náà ń pariwo, ṣùgbọ́n Fadá ni gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí. Àwọn tó gbọ́ ọ kò kúkú fẹ́ràn Yúróòpù àti ìjà rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń lọ ló tì wọ́n sí.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n fi hàn án. Ó ti bínú sí Roosevelt, ẹni tó ti ń gbé lárugẹ tẹ́lẹ̀. (Ìjọba Roosevelt ni kò kúkú jẹ́ kó gbádùn: ní 1934 wọ́n gbé orúkọ àwọn tó kó fàdákà pamọ́ jáde, orúkọ akọ̀wé Fadá wà níbẹ̀, 500,000 áúnsì, nígbà tí Fadá wà lórí rédíò tó ń wàásù pé kí ìjọba gbé fàdákà ga.) Ní Cleveland, níwájú ọ̀pọ̀ èrò, ó bọ́ kóòtù, ó já kọ́là Fadá kúrò lọ́rùn, ó pe Ààrẹ ní òpùrọ́. Ó fa William Lemke kalẹ̀ fún ipò Ààrẹ, ó sì búra pé bí Lemke ò bá rí ìbò mílíọ̀nù mẹ́sàn-án, òun á kúrò lórí afẹ́fẹ́. Ìbò tí Lemke rí kò tó 900,000. Mílíọ̀nù ènìyàn tó ń gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ gbọ́ ọ títí ó fi parí, wọ́n pa rédíò, wọ́n lọ dìbò fún Roosevelt. Roosevelt ti fún ọmọ wọn níṣẹ́. Fadá fẹ́ pe nǹkan tí kò sí nínú wọn lórúkọ, kò sì sí ohun tó dìde.

Ó kúrò lórí afẹ́fẹ́ bó ṣe búra, ó lo oṣù díẹ̀, ó tún padà. Èyí tó padà bọ̀ yìí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní 1938, ìwé ìròyìn rẹ̀ Social Justice tẹ ayédèrú ìwé tó ń purọ́ mọ́ àwọn Júù pé wọ́n ń dìtẹ̀ sí ayé. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, àwọn Násì ní Jámánì dáná sun ilé ìjọsìn àwọn Júù, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n pa wọ́n. Ọ̀sẹ̀ méjì ò pé tí Coughlin fi bọ́ sórí rédíò, ó ń ṣàlàyé ohun tó mú kí wọ́n ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀, ó ní ẹ̀rù ìjọba Kọ́múnísì ló ń ba àwọn ará Jámánì. Ilé iṣẹ́ rédíò WMCA ní New York ní àwọn ò ní gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ mọ́. Èrò rẹ̀ ti dín kù nígbà yẹn, ṣùgbọ́n àwọn tó kù le. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń ta Social Justice lẹ́bàá òpópónà New York, wọ́n sì ń na Júù tí wọ́n bá rí. Ìkórìíra yẹn náà, ó ti wà nínú wọn kí Fadá tó dé.

Báwo ni wọ́n ṣe wá pa á lẹ́nu mọ́? Ìjọba gbìyànjú tirẹ̀, wọ́n gba àǹfààní ìfìwéránṣẹ́ lọ́wọ́ Social Justice ní 1942. Àmọ́ ohun tó parí ọ̀rọ̀ náà ni àṣẹ ẹnì kan ṣoṣo, Edward Mooney, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Detroit: dákẹ́, tàbí kí o má ṣe iṣẹ́ Fadá mọ́. Ẹni tó já kọ́là sílẹ̀ ní Cleveland kò lè bọ́ ọ sílẹ̀ pátápátá. Ó dákẹ́. Ìjọ Royal Oak yẹn náà ló wà títí di 1966, ó ń ṣe Mísà, ó ń sìnkú, ó ń ṣèrìbọmi. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń yà mí lẹ́nu ju gbogbo ìyókù lọ, inú mi kì í sì í dùn sí i tán. Bó bá ṣe pé bíṣọ́ọ̀bù lè pa á lẹ́nu mọ́ ní wéréwéré bẹ́ẹ̀, kí ni bíṣọ́ọ̀bù tó wà ṣáájú ń ṣe? Michael Gallagher ni, ẹni tó rán an lọ sí Royal Oak. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ó ń tì í lẹ́yìn títí ó fi kú ní 1937. Okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò fà á.

Sheen ńkọ́? Ọ̀mọ̀wé ni, ó gboyè ní Leuven ní Bẹ́ljíọ̀mù, ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Washington, ó sì ti wà lórí rédíò NBC láti 1930. Ohun tó sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ilé mọ̀ ni tẹlifíṣọ̀n. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1952, tó bọ́ sí ọjọ́ tí Póòpù ṣí rédíò Vatican ní ọdún 21 ṣáájú, wọ́n gbé ètò rẹ̀ Life Is Worth Living sórí afẹ́fẹ́. Alẹ́ Ìṣẹ́gun ni, àkókò kan náà pẹ̀lú Milton Berle, aláwàdà tí Amẹ́ríkà fẹ́ràn jù nígbà náà. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ náà, DuMont, kò retí nǹkan kan, àkókò tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ni wọ́n fún un.

Mo ti wo púpọ̀ nínú ètò náà. Funfun àti dúdú ni àwòrán rẹ̀. Sheen, tó ti di bíṣọ́ọ̀bù nígbà náà, á wọlé nínú aṣọ bíṣọ́ọ̀bù, agbádá ìléjìká ń wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, á dúró, kò ní tètè sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ jìn sínú, ó sì máa ń tẹjú mọ́ kámẹ́rà títí ìwọ tó ń wò ó á fi fẹ́ gbé ojú kúrò. Á wá fi ẹ̀fẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ohun tó ń kà níwájú. Pátákó wà lẹ́yìn rẹ̀, á fi ẹfun kọ nǹkan sí i, á rìn kúrò níbẹ̀, nígbà tó bá fi máa padà, wọ́n á ti nù ún mọ́. Ó ní áńgẹ́lì òun ló ń nù ún. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni o, gbogbo ènìyàn ló mọ̀, àmọ́ wọ́n á rẹ́rìn-ín ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Bí àkókò bá ṣe ku díẹ̀, á kó ọ̀rọ̀ jọ, á parí rẹ̀ lórí ìṣẹ́jú gan-an. Ìparí ló máa ń mọ̀ sórí ṣáájú ohunkóhun. Ó mọ iye ìṣẹ́jú tó máa gbà, tó bá sì ti rí i pé iye yẹn ló kù, ibi yòówù kó wà, ó di ìparí. Ẹni tó bá ti jókòó sábẹ́ ìwàásù tí Fadá ń wá ọ̀nà àtibalẹ̀ tí kò rí, yóò mọ̀ pé ẹ̀bùn ńlá nìyẹn.

Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Emmy ní 1953, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn mẹ́rin tó ń bá a kọ ọ̀rọ̀: Mátíù, Máàkù, Lúùkù àti Jòhánù. Lọ́dún yẹn kan náà, ó mú eré Shakespeare lórí ikú Julius Caesar, ó fi orúkọ Stalin àti àwọn ènìyàn rẹ̀ rọ́pò ti àwọn ará Róòmù. Kò pẹ́ sí i, Stalin kú ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta. Àwọn ènìyàn pariwo pé wòlíì ni. Ẹni ọdún 74 ni Stalin, mi ò rí ohun ìyanu níbẹ̀.

Ohun tí Sheen bá lọ́kàn àwọn ènìyàn tirẹ̀ yàtọ̀. Ebi ti tán. Wọ́n ní firíìjì, wọ́n ní mọ́tò, ẹ̀rù bọ́ǹbù átọ́míìkì sì ń bà wọ́n, òfìfo kan wà nínú wọn tí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀. Ó pè é lórúkọ. Síbẹ̀, tí ẹ bá ka ìtàn àwọn tó wọ ìjọ nípasẹ̀ rẹ̀, ẹ óò rí i pé àwọn tí òkìkí wọn kàn jù nínú wọn, inú yàrá ni ọ̀rọ̀ wọn ti parí. Clare Boothe Luce, òǹkọ̀wé eré àti aṣòfin, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo kú nínú ìjàǹbá mọ́tò ní 1944, ẹni ọdún 19. Ó lọ bá Sheen, ó sì fi ìbínú bi í pé bí Ọlọ́run bá ṣeun, kí ló dé tó mú ọmọ òun. Sheen ní bóyá kó lè jókòó síbi tó jókòó sí yìí ni. Ìdáhùn líle ni fún abiyamọ. Èmi ò ní lè sọ ọ́. Ó padà wá, ó ń padà wá, wọ́n sì gbà á wọ ìjọ ní 1946. Louis Budenz, ọ̀gá nínú ìwé ìròyìn àwọn Kọ́múnísì, bá a jẹun níjọ́ kan, ó gba bí ọdún mẹ́sàn-án kó tó di pé òun àti ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wọ ìjọ ní 1945. Ilé Kátólíìkì ni wọ́n kúkú ti bí Budenz. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wáyà Coughlin dé Washington láàárín ọjọ́ méjì.

Okùn náà wà lọ́rùn Sheen pẹ̀lú. Ó bá Kádínà Spellman ti New York jà lórí owó, nítorí mílíìkì lẹ́búlẹ́bú tí ìjọba fi ta ìjọ lọ́rẹ fún àwọn aláìní, tí Kádínà fẹ́ kí ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì tí Sheen ń darí san owó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Póòpù, Sheen jàre. Ní 1957, ètò tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ parí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọwọ́ Spellman wà níbẹ̀, Sheen kò sì bá a jà ní gbangba. Nítorí náà mi ò lè sọ pé ọwọ́ tó di okùn mú máa ń fà á síbi tó yẹ. Ìyá Angelica rí gbogbo èyí, arábìnrin tó bẹ̀rẹ̀ tẹlifíṣọ̀n EWTN nínú ilé mọ́tò ilé àwọn arábìnrin rẹ̀ ní Irondale, Alabama, ní 1981. Òun kò tiẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ sọ bí àwọn méjì yìí, ẹ̀rín ló ń rín, ó ń dáhùn tẹlifóònù, ó ń bá bíṣọ́ọ̀bù jà ní gbangba. Nígbà tó di ọdún 2000, ó gbé ilé iṣẹ́ náà lé ìgbìmọ̀ àwọn ọmọ ìjọ tí kì í ṣe Fadá lọ́wọ́, kí bíṣọ́ọ̀bù kankan má bàa rí i gbà. Ó gbọ́n. Ó tún já okùn.

Lọ́dọ̀ tiwa, Ilé Iṣẹ́ tó ń mójú tó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní Nàìjíríà fòfin de iṣẹ́ ìyanu tí kò ní ẹ̀rí lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2004. Àwọn Fadá wa kì í sábà ṣe irú ìyẹn, òfin náà kò dí wọn lọ́wọ́. Àmọ́ fóònù kò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Orúnkún kò jẹ́ kí màmá mi rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, rédíò ló ń gbọ́, ó sì máa ń dá Fadá lóhùn. Fadá á ní ká dárí ji ọmọnìkejì wa, màmá á ní, “Ẹ ò tíì mọ ẹni tí mò ń bá gbélé ni.” Láìpẹ́ yìí, àbúrò mi obìnrin fi fídíò kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí. Fadá ọ̀dọ́ kan ni, kọ́là funfun, ohùn tó dùn, ó ń ṣàlàyé ohun tó fà á tí ọjà fi wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tó yá, ó dárúkọ ẹ̀yà kan. Màmá gbọ́ ọ dópin, ó ní ká tún un gbé sí i, ó tún gbọ́ ọ. Ó wá béèrè pé, “Fadá bíṣọ́ọ̀bù wo lèyí?”

Mo tẹ ìbéèrè náà sínú WhatsApp ẹbí bó ṣe bi í. Àbúrò mi dáhùn kíá. Ó ní òun ò mọ̀, pé ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ.